Obìnrin Buguma Tó Ń Mú Irin Jó

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ ìdí iná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Mi ò pa àlọ́ ìjàpá lálẹ́ òní. Ohun ìyanu ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó ṣe é sì ń bẹ láyé, Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́. Sokari Douglas Camp lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Kalabari ni. Ìlú Buguma, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1958. Irin pẹlẹbẹ ló fi ń ṣe ère, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ara mọ́tò, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dúrọ́ọ̀mù epo.

Kí ẹ tó mọ ibi tí ìyanu náà ti ṣẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ odò.

Ará odò làwọn Kalabari. Wọ́n ní nígbà ìwáṣẹ̀, obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Ekineba, arẹwà ni. Àwọn ará inú omi rí i, ó wù wọ́n, ni wọ́n bá gbé e lọ. Ìyá wọn bínú nígbà tó gbọ́, ó ní kí wọ́n dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Kí wọ́n tó dá a padà, oníkálukú jó ijó tirẹ̀ fún un, ó ń wò wọ́n. Ekineba délé, ó kọ́ àwọn ará ìlú ní gbogbo ohun tó rí. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan bá a wálé: bí wọ́n bá fẹ́ ṣeré, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lu ìlù. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kò lè mú sùúrù. Wọ́n lu ìlù ṣáájú rẹ̀, ìkìlọ̀ dé, wọ́n tún lù ú. Àwọn ará inú omi bá mú Ekineba lọ, kò sì padà mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ẹgbẹ́ Ekine, ẹgbẹ́ tó ń gbé eégún omi jáde nílẹ̀ Kalabari títí dòní. Ọkùnrin nìkan ló sì ń ṣe é.

Ẹ gbọ́ ọ? Obìnrin ló mú eré wá, wọn ò sì jẹ́ kí obìnrin wọ̀ ọ́. Ère gbígbẹ́ náà, ọwọ́ ọkùnrin ló wà. Kí obìnrin wòran, kó pàtẹ́wọ́, kó gbé orin, ibẹ̀ ni tirẹ̀ mọ.

Àárín irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Sokari sí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ, Robin Horton, òyìnbó tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìmọ̀ nípa àwọn Kalabari, tó sì ti kọ́ni rí ní Yunifásítì Ifẹ̀ tiwa níbí. Sokari kọ́ṣẹ́ ọnà ní California, ó bọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó gboyè ní Royal College of Art lọ́dún 1986. Ìwé kíkà yẹn kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ ti rí àwọn jórinjórin lẹ́bàá títì, àwọn tó ń ṣe géètì, tí iná ń ta yọ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ wọn lobìnrin yìí ń ṣe. Á gé irin, á tẹ̀ ẹ́, á dá ihò sí i lára, á wá fi iná jó o mọ́ òmíràn. Ẹni tó ń gbẹ́ igi ń bu igi sọnù títí ère á fi kù. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, àfikún ni, irin lórí irin. Inú ère náà ṣófo, ẹ lè wò ó já sí òdìkejì. Èmi rò pé ìdí nìyẹn tí irin pẹlẹbẹ fi bá eégún mu ju igi lọ. Kí lẹ̀ ń rí lára eégún? Aṣọ ni. Ohun tó wà nínú aṣọ, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè.

Àwọn obìnrin Kalabari tún ní iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní pelete bite. Wọ́n á mú aṣọ ìnjìrì tó ti òkè òkun wá, wọ́n á fi abẹ gé òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á fà á yọ, títí ọnà tuntun á fi jáde lára aṣọ tí ẹlòmíràn hun. Bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń yọ òwú lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni Sokari ń dá ihò sára irin rẹ̀. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kan iṣẹ́ ọkùnrin. Ó mú ọgbọ́n abẹ àwọn obìnrin, ó fi gé irin.

Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń bèèrè pé, "Bàbá, ṣé irin lè jó ni?" Ó ń jó, ọmọ mi. Nínú àwọn ère tó kọ́kọ́ ṣe, ó fi ẹ̀rọ iná mànàmáná sí àwọn kan nínú kí wọ́n lè mira. Ọmọdébìnrin onírin kan wà nínú wọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́dún 1988, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún ọnà ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 1995, British Museum gba àwọn eégún onírin rẹ̀ lálejò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ British Museum yìí kan náà ni àwọn ère ìrántí àwọn baba ńlá Kalabari wà, àwọn tí òyìnbó kó kúrò nílé nígbà ìjọba amúnisìn. Àwọn baba wà níbẹ̀ tipẹ́, ọmọbìnrin tí wọn ì bá má jẹ́ kó gbé eégún ló wá gbé e wọlé tọ̀ wọ́n. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ó ṣe ère mẹ́fà kan nítorí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun àti àwọn ọmọ wọn. Lọ́dún 2014, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀sì ló ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ìjọba ológun Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Saro-Wiwa ti ń ké pé àwọn ilé iṣẹ́ epo ń ba ilẹ̀ àti omi àwọn èèyàn òun jẹ́. Lọ́dún 2006, Sokari fi irin kan bọ́ọ̀sì odindi, tó tó bọ́ọ̀sì gidi, irú èyí tí àwa náà ń wọ̀. Ó to dúrọ́ọ̀mù epo sórí rẹ̀, ó sì fi ẹ̀sùn tí Saro-Wiwa fi kan àwọn ilé iṣẹ́ epo sí ara rẹ̀, kí gbogbo ojú lè kà á. Battle Bus ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún 2015, tí ikú àwọn ọkùnrin náà pé 20 ọdún, wọ́n fi bọ́ọ̀sì náà ta Ogoni lọ́rẹ. Ó gba orí òkun wá, ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn aṣọ́bodè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ìrántí pé, àwọn Ogoni pé jọ, bọ́ọ̀sì kò dé. Ọdún gorí ọdún, wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Mo ti gbọ́ pé wọ́n ti onísùnmọ̀mí mọ́lé, mo ti gbọ́ pé wọ́n ti akéwì mọ́lé. Irin tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò gbé ìbọn, tí kò lè rìn láìsí ẹni tó fà á, pé ìjọba odindi orílẹ̀-èdè bẹ̀rù rẹ̀ débi tí wọ́n fi dá a dúró ní bodè, ohun ìyanu ni. Ohun ìtìjú ni pẹ̀lú, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lára yín lẹni tó máa di ọ̀gá aṣọ́bodè lọ́la, lára yín lẹni tó máa di aṣòfin. Bí àṣẹ bá dé ọwọ́ yín, ẹ wá bọ́ọ̀sì náà rí níbi yòówù tó bá wà, kẹ́ ẹ sì gbé e fún àwọn Ogoni. Tiwọn ni.