Ta Ló Ni Àǹkárá?

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gba Rye Lane kọjá ní Peckham lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí àǹkárá tí wọ́n tò jọ dé òkè àjà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra aṣọ ẹbí. Iṣẹ́ àmójútó ìdílé ni mo ń ṣe, mo sì mọ ilé kan tí aṣọ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Ọmọ ọdún 14 náà kọ̀ láti wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó àǹtí rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ ti ń tàn mí jẹ. Aṣọ Họ́láńdì ni.” Odindi ọjọ́ méjì ni ìyá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ẹnu burúkú ni ó kàn fi sọ ọ́. Ní Jáfà, àwọn ènìyàn a máa fi ìda kun ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta ṣe ń fi ẹ̀kọ láfún ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ará Họ́láńdì, tí wọ́n ń ṣàkóso Jáfà nígbà náà, fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì kó o wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́jà wa ni ó ń sọ ọnà tí yóò tà, àwọn náà ni ó sì ń sọ wọ́n lórúkọ. (Ní tèmi, aṣọ òkè ló yẹ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Yorùbá mìíràn rí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí Yínká Shonibare sí ní 1962, Èkó ni ó dàgbà sí. Nígbà tí ó padà wá kọ́ iṣẹ́ ọnà níhìn-ín, olùkọ́ kan bi í pé kí ló dé tí kò ṣe ojúlówó iṣẹ́ Áfíríkà. Ó lọ sí ọjà Brixton láti wá àǹkárá, ó sì gbọ́ ibi tí aṣọ náà ti wá. Kò tìtorí èyí sọ ọ́ nù; ìrìn-àjò aṣọ náà gan-an ni ó fi dá olùbéèrè lóhùn.

Ní 2010, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi tí ó ṣe sínú ìgò ràgàjì sí Trafalgar Square. Àwòṣe HMS Victory ni, ọkọ̀ tí Nelson kú sí lójú ogun ní 1805. Aṣọ ọlọ́nà bí àǹkárá ni ó fi ṣe gbogbo ìgbòkun rẹ̀, 37. Ìṣẹ́gun ọjọ́ náà ló la ojú òkun fún òwò àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba yẹn ló wá dé Èkó, òun náà ló fa àwa wá sí Peckham.

Láti 2012 ni ọkọ̀ náà ti wà ní Greenwich, níta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọ̀rọ̀ òkun. Mo ní kí ìyá àti ọmọ wọ bọ́ọ̀sì 177 lọ wò ó. Ìyá na ìka sí ìgbòkun kan, ó ní irú ọnà yẹn ni ìyá àgbà wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ bi í pé kí ni orúkọ ọnà náà. Ìyá kò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tẹ ìyá àgbà láago ní Ìbàdàn.