Àánú Kì Í Ṣe Ìbòmọ́lẹ̀

Nínú ilé tí ọtí tàbí sìgá ti di bárakú fún baálé, irú ìyàwó méjì ni a sábà máa ń rí. Èkínní a máa fi èébú jí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, a sì máa fi èébú pàdé rẹ̀ lálẹ́. Èkejì a máa bò ó láṣìírí: òun ni yóò san gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́tí, òun náà ni yóò ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ pé ibà ni ó dá a dúbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ ire fún ọkọ wọn, ṣùgbọ́n èébú kò wo bárakú sàn, ìbòmọ́lẹ̀ kò sì wò ó sàn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí bárakú jẹ́. Nínú ewé tábà ni èròjà kan wà tí à ń pè ní nikotíìnì. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú tí èròjà yìí fi ń dé ọpọlọ. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ti mọ́ ọpọlọ lára nìyẹn. Ọjọ́ tí kò bá rí i, inú a máa bí i, oorun a sì dá lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara a bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀.

Ti ọtí tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè ṣubú bí ẹni tí wárápá gbé, ó sì lè kú. Ìyàwó tí ó da ọtí nù tí ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọkọ rẹ̀ lè ṣe é léṣe níbi tí ó ti ń wá ìwòsàn fún un.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà. Kò tì wọ́n mọ́lé. Àárín àwọn ará abúlé ni wọ́n ń gbé. Ìbátan wọn kan a bá wọn wá láti máa se oúnjẹ kí ó sì máa fọ aṣọ fún wọn. Wọn a máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì máa ṣiṣẹ́ bí agbára wọn ti mọ. Ẹ wo bí a ti pín ẹrù náà: ẹbí ru tirẹ̀, dókítà ru tirẹ̀, aláìsàn náà sì ru tirẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn Arò ní ẹ̀ka fún ìtọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún.

Kí wá ni ti ìyàwó ilé nínú ẹrù yìí? Ẹ yan àkókò tí ojú ọkọ yín dá, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ sọ ohun tí ẹ fi ojú rí: owó ilé ìwé tí kò pé, ọmọ tí èéfín sìgá ń mú wúkọ́. Ẹ fún un ní oúnjẹ tí ó ṣara lóore, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní owó ọtí, ẹ má san gbèsè ọtí fún un, ẹ má sì bá a purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ìta ni kí ó ti máa mu sìgá, kì í ṣe nínú yàrá tí ọmọdé ń sùn sí. Bí ó bá sì ń gbé ọwọ́ sókè sí yín tàbí sí àwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ wá ibi ààbò. Àánú kò ní kí ènìyàn jókòó de ẹ̀ṣẹ́.

Ní ti ọkọ náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara rẹ̀ di ẹrú ọtí. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bá a lo oògùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a kọ ìgò tí ọ̀rẹ́ nà sí i. Ó lè kùnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti jáwọ́ ni ó gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má fi ìkùnà náà ṣe ẹ̀sín, ẹ má sì jẹ́ kí ó fi í ṣe àwáwí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì ni irú aláìsàn báyìí ń fẹ́.