Nígbà tí Afẹ́fẹ́ Bá Ti Ẹ̀gbẹ́ Kọlu Bàlúù Kékeré

Bí ẹ bá dúró ní Tokoin, ní Lomé níbí, tí ẹ ń wo bàlúù tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó rí i pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọjú sí. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá, bàlúù sì máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá ń pàdé rẹ̀ níwájú a máa bá a gbé apá rẹ̀ dúró, kí eré tó máa fi kanlẹ̀ lè dínkù.

Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni bàlúù ní láti balẹ̀ sí ní pápákọ̀ òfurufú Gnassingbé Eyadéma. Wọ́n kọ 04 sí orí rẹ̀ kan, wọ́n kọ 22 sí èkejì. Ẹ fi òdo kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40 àti 220 ni dígírì tí ọ̀nà náà kọjú sí, bí a bá ń kà á yíká láti àríwá. Ó bá afẹ́fẹ́ òkun mu, ó sì bá ọyẹ́ tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá mu.

Ẹ ó wá bi mí pé níbo ni ewu ti ń wá nígbà náà. Ìjì ni. Ẹ mọ afẹ́fẹ́ tútù tó máa ń ṣàdédé rọ́ dé láti ìlà-oòrùn kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìkùukùu ló ti já bọ́. Bó ṣe kanlẹ̀ ló tàn káàkiri. Ìlà-oòrùn gan-an jẹ́ dígírì 90, ìyẹn ni pé ó fi 50 yà kúrò lójú ọ̀nà wa. Bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń sáré nọ́ọ̀tì 20, tí í ṣe bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan, nǹkan bíi 15 nínú rẹ̀ ló ń ti bàlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀tì 15 yìí náà ni àwọn tó ṣe Cessna 172, bàlúù kékeré oníjókòó mẹ́rin, kọ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn dán an wò dé.

Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fi ń ni bàlúù kékeré lára ju ńlá lọ? Ẹ wo eré wọn. Boeing 737 ń bọ̀ wálẹ̀ ní bíi nọ́ọ̀tì 140. Cessna ń bọ̀ ní bíi 60. Afẹ́fẹ́ 15 jẹ́ ìdá mẹ́rin eré Cessna. Lójú Boeing, kò tó ìdá mẹ́sàn-án.

Atukọ̀ tó ń la odò tó ń ṣàn kọjá kì í kọ orí ọkọ̀ sí èbúté gan-an. Apá òkè odò ló ń kọ ọ́ sí, omi á sì gbé e dé ibi tó ń lọ. Báyìí ni awakọ̀ bàlúù ń ṣe: ó ń kọ imú rẹ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi lè fi ẹ̀gbẹ́ gúnlẹ̀, táyà kò lè fi ẹ̀gbẹ́ yí. Nítorí náà, nígbà tó bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, awakọ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ tún imú rẹ̀ ṣe kó tọ́ sí ọ̀nà, kí ó sì tẹ apá tó wà níhà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà tì í kúrò.

Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ déédéé, ọwọ́ á mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó ń fẹ́ tó ń dákẹ́ ni ìṣòro. Bó bá dákẹ́ lójijì, apá á pàdánù agbára tó fi ń gbé e, bàlúù á já lulẹ̀. Bó bá tún rọ́ dé, yóò gbé apá kan sókè, èkejì á fẹ́ gbo ilẹ̀. Bí táyà bá kanlẹ̀ ní ìdábùú, ẹsẹ̀ bàlúù lè kán, tàbí kí bàlúù yà wọ inú koríko. Ti bàlúù tí táyà kékeré rẹ̀ wà nídìí ìrù tún burú jù, nítorí pé ẹ̀yìn táyà ńlá ni ìwúwo rẹ̀ wà: tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ìrù á fẹ́ sáré ṣíwájú imú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù ni pé kò sí ohun tó fi dandan mú awakọ̀ láti balẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bí kò bá tọ́, kí ó fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kí ó gòkè padà, kí ó yípo kí ìjì kọjá, tàbí kí ó forí lé Cotonou tàbí Accra. Ìdí nìyí tí epo inú bàlúù fi gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Bó bá sì balẹ̀ dáadáa, kí ó má tíì sinmi ọwọ́: afẹ́fẹ́ ṣì lè gbé apá bàlúù tó ń yí lọ jẹ́jẹ́ sí ibi tí yóò dúró sí.