Èrè òwò àti owó èlé: Níbo ni ààlà wà?

Kò sí oníṣòwò nílẹ̀ Yorùbá tí kò mọ owó èlé. Ẹni tó yá a gbọ́dọ̀ dá a padà pẹ̀lú èlé lórí, ìbáà jèrè, ìbáà pàdánù. Àlùkùránì ka èyí léèwọ̀, ó pè é ní ribà, bẹ́ẹ̀ ó fàyè gba òwò. Níbo wá ni èrè òwò ti yàtọ̀ sí èlé? Ìbéèrè yìí ni ìdí pàtàkì ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ètò ọrọ̀-ajé Ìsìláàmù.

Lọ́dún 1976, Yunifásítì King Abdulaziz tó wà ní Jeddah ṣètò àpérò àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ìmọ̀ yìí ní Mẹ́kà. Ọ̀kan lára àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ni Muhammad Nejatullah Siddiqi, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tó gba ẹ̀bùn King Faisal lọ́dún 1982. Ohun tí ó fẹ́ ni pé kí báńkì mú owó wá, kí oníṣòwò mú iṣẹ́ wá, kí wọ́n sì jọ pín èrè. Bí òwò bá forí ṣánpọ́n láìjẹ́ ẹ̀bi oníṣòwò, báńkì pàdánù owó, oníṣòwò pàdánù làálàá rẹ̀. Mudaraba ni wọ́n ń pe èyí.

Ṣùgbọ́n murabaha ló wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn báńkì. Bí ẹnì kan bá nílò ẹ̀rọ tó jẹ́ 1,000,000 náírà, báńkì lè rà á, kí ó tà á fún un ní 1,200,000, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan ní orúkọ nìkan ni èlé yí padà. Àwọn mìíràn fèsì pé báńkì ti kọ́kọ́ ni ẹ̀rọ náà, bí ó bá bàjẹ́ kí ó tó tà á, òun ló jẹ gbèsè rẹ̀. Iye tí wọ́n dá kò sì gbọdọ̀ lé sí i mọ́.

Lọ́dún 2009, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó jókòó ní Sharjah kọ ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní tawarruq, níbi tí báńkì ti ń ṣètò kí oníbàárà ra ọjà láwìn, kí báńkì kan náà sì bá a tà á lójú ẹsẹ̀ nítorí àtirí owó lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012. Lọ́dún 2017, ìjọba àpapọ̀ fi sukuk kó 100 bílíọ̀nù náírà jọ fún ọ̀nà ṣíṣe. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ ìwé, ìbéèrè méjì ló yẹ kí ó bi báńkì: ta ló ni ọjà yìí báyìí, ta ni yóò sì jẹ àdánù rẹ̀ bí ó bá ṣègbé?