Bí Ojú Kọ̀ǹpútà Bá Ṣókùnkùn

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan ní Ìsọlọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá yìí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó ti ń tẹ ìwé fún ènìyàn. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó ń lò, Linux ni ó sì wà nínú rẹ̀. Òun náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò. Iye owó tí olúkúlùkù dá wà nínú kọ̀ǹpútà náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tan kọ̀ǹpútà. Fáànù rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú bí aró. Ó gbé e dé Oṣòdì. Ọmọkùnrin kan wò ó, ó ní, “Màmá, ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, ká tún un tò.”

Màmá kígbe: “Ha! Owó ẹgbẹ́ ńkọ́?”

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwé ẹgbẹ́ kò sọnù rárá.

Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ inú rẹ̀ dà bí iṣẹ́ agboolé: ẹnì kan ń tọ́jú ìwé, ẹlòmíràn ń ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, Xorg ni orúkọ ayàwòrán náà. Bí wọ́n bá fún un ní àṣẹ tí kò bá mọ́nítọ̀ mu, ó lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá ń ṣàìsàn, àká kò tìtorí ẹ̀ jó.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí:

1. Ẹ wo wáyà mọ́nítọ̀. Ṣé ó wọlé dáadáa? Ṣé iná dé ibẹ̀?

2. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá béèrè orúkọ yín, kọ̀ǹpútà wà láàyè. Ẹ tẹ orúkọ, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò ní hàn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fòyà. Ẹ wá tẹ ls Documents. Bí ibẹ̀ ni ẹ ń kó ìwé sí, orúkọ wọn yóò jáde.

3. Ẹ tẹ df -h. Bí ẹ bá rí 100% níwájú àmì /, àyè ti kún. Ẹ yọ ohun tí ẹ kò lò mọ́ kúrò.

4. Ẹ tẹ grep "(EE)" /var/log/Xorg.0.log. Ìlà tí ó ní (EE) ni ó ń sọ àṣìṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

5. Linux òde òní sábà máa ń mọ mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọ fáìlì xorg.conf tẹ́lẹ̀, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà:
sudo mv /etc/X11/xorg.conf /etc/X11/xorg.conf.atijo
Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo reboot.

6. Bí F3 náà bá ṣókùnkùn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Bí àkójọ GRUB bá jáde, ẹ tẹ e. Ẹ wá ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kí ẹ fi nomodeset sí ìparí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Ctrl àti X pọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo yẹn ni èyí wà fún.

Kí ló ṣe kọ̀ǹpútà màmá? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mọ́nítọ̀ ni, àṣẹ ti àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ó tún un ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an, ó da ìwé ẹgbẹ́ kọ sórí fláàṣì, ó sì tì í mọ́ inú àpótí.

Ẹ̀yin náà, ẹ ní ẹ̀dà kejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè
Kí ni ìyá náà ì bá pàdánù bí ó bá gbà fún ọmọkùnrin yẹn?
Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ wò bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn?