Ọdún mélòó ló kù fún mi?

Tí ẹ bá ti gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin rí, ẹ ti mọ Ọ̀rẹ̀ nìyẹn, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò. Tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, oúnjẹ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Níbi tá a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa tírélà ti rẹ ohùn sílẹ̀: "Àbúrò, ìwọ lo kàwé sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní mo ní HIV. Ọdún mélòó ló kù fún mi?"

Òkèlè dúró sí mi lọ́wọ́.

Ó fi èsì àyẹ̀wò hàn mí lórí fóònù: CD4 rẹ̀ jẹ́ 610. Ó ti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ ó fẹ́ dá a dúró. Ó ní nọ́ńbà òun dáa, ara òun le, àti pé ọmọ tó ń bá òun rìn á rí ike oògùn náà lọ́jọ́ kan. "Tí nọ́ńbà yẹn bá wálẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀."

CD4 ni àwọn sójà ara tí HIV máa ń wọ inú wọn, tó sì ń pa wọ́n. Lára ẹni tí kò ní kòkòrò yìí, nọ́ńbà yẹn sábà máa ń ju 500 lọ. Tó bá já sísàlẹ̀ 200, Éèdì nìyẹn. Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ibi téèyàn dé lónìí nìkan ló ń sọ.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, John Coffin, fi ọkọ̀ ojú irin ṣàpèjúwe ìyókù. Èmi fi tírélà ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní afárá kan ti já níwájú. CD4 ni iye kìlómítà tó kù kó o dé ibẹ̀. Iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní viral load, ni eré tó ò ń sá. Tírélà méjì lè wà lójú kan náà, kí ọ̀kan máa rìn ní 40, kí èkejì máa fò ní 120. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tètè yé e ju bó ṣe yé èmi nílé ìwé lọ.

Kì í ṣe àpèjúwe lásán o. Ní 1996, John Mellors àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin 180 tó ní HIV wò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú pa mọ́ láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wọ́n fi viral load pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Láàárín ọdún márùn-ún, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn kéré jù ló bọ́ sínú Éèdì. Láàárín àwọn tí tiwọn pọ̀ jù, ìdá 62 ni.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí oògùn tó múná kò tíì sí ni ti àwọn yẹn. Oògùn ni bíréékì. Ohun tí wọ́n sọ nípa tírélà tí kò ní bíréékì kò bá ti ẹ̀gbọ́n mi mu.

Kó dá a dúró ná ńkọ́? Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní SMART kó èèyàn 5,472 jọ láti orílẹ̀-èdè 33, gbogbo wọn ní CD4 tó ju 350 lọ. Wọ́n ní kí apá kan fi oògùn sílẹ̀ títí CD4 wọn á fi já sísàlẹ̀ 250. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, wọ́n dá ètò náà dúró: ewu àìsàn ńlá tàbí ikú ti di ìlọ́po 2.6 lára àwọn tó fi í sílẹ̀. Kòkòrò náà kò lọ síbì kankan. Ó ń sùn nínú sẹ́ẹ̀lì ni, tí oògùn bá ti dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jí.

Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ike yẹn ńkọ́?" A ya bébà ara rẹ̀ kúrò, a jù ú sí ìsàlẹ̀ báàgì aṣọ rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó pè mí láti Benin. Èsì viral load ti dé: ẹ̀rọ kò rí kòkòrò náà mọ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, àìrí i kọ́ ni pé ó ti lọ o, ẹ má dá oògùn dúró. Ó ní òun ti lo tòní kóun tó pè mí.