PCV Wo Ni Wọ́n Ń Wí?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá bèèrè. Òun ni ìkékúrú tí àwọn oníṣègùn ń kọ sí káàdì yín. Lẹ́tà kan náà lè ní ìtumọ̀ méjì.

Ta ni kò mọ LGA ní Kàbà? Ìjọba ìbílẹ̀ ni, bíi ti Kàbà-Bùnú tiwa. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá kọ LGA sí ìwé ọmọ tuntun, kì í ṣe àdúgbò yín ni ó ń kọ. Ó ń sọ pé ọmọ náà tóbi ju bí ó ti yẹ fún iye ọ̀sẹ̀ tí ó lò nínú oyún. A máa ń ṣọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà lọ sílẹ̀ jù.

Èyí tí ó léwu jù ni PCV, nítorí pé ilé ìwòsàn kan náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ méjèèjì ń gbé. Fún aboyún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. A ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú gíláàsì tóóró, ẹ̀rọ yóò yí i kíkankíkan, a ó sì wo ìpín tí ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá kéré sí nǹkan bí 33, ẹ̀jẹ̀ lè má tó. Fún ọmọ ọwọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni PCV. Ọdún 2014 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, láti dènà òtútù àyà àti yírùnyírùn. A máa ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí a bá ní kí ìyá kan mú ọmọ wá fún PCV, tí ó sì rò pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà lára òun nígbà oyún ni, ọmọ yóò pàdánù abẹ́rẹ́. Bí aboyún mìíràn bá sì dáhùn pé, “A ti ṣe PCV,” tí ó jẹ́ abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó ń rò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó títí di ọjọ́ ìrọbí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídà lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni OD. Lára oògùn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni. BD jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, TDS jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, OD ni ojú ọ̀tún. Èdè Látìn ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí ìtìjú nínú àìmọ̀ wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kí nọ́ọ̀sì pé “Okun o” tán, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni odindi ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé èmi ni àbí ọmọ mi? Ọjọ́ wo ni kí n padà wá? Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ìdáhùn náà ní kíkún sí káàdì. Abéèrè kì í ṣìnà.